Ẹjọ́ ìmọ́lẹ̀ kọ́, ẹjọ́ ooru ni

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn olùkọ́ físíìsì fẹ́ràn láti gbé sójú fèrèsé. Gúlóòbù onígíláàsì ni, ewé pẹlẹbẹ mẹ́rin sì jókòó lórí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ojú kan ewé kọ̀ọ̀kan dúdú bí èédú, ojú kejì ń dán bí fàdákà. Bí oòrùn Abẹ́òkúta bá ti bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì nìyẹn. Rédíòmítà ni wọ́n ń pè é. William Crookes, ará Ìlú Ọba, ló ṣe é. Bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń yí i, á ní ìmọ́lẹ̀ ló ń tì í. Crookes fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbà, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ máa ń ti nǹkan lóòótọ́. Maxwell, onímọ̀ físíìsì ará Scotland, ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1873. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìṣirò yẹn débi tó ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú dúdú á wọlé síbẹ̀, á tì í lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bọ́ sójú dídán á ta padà, títì rẹ̀ á sì di ìlọ́po méjì, bí bọ́ọ̀lù tó ta padà lára ògiri ṣe ń gbá ògiri ju ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀, ojú dídán ló yẹ kó máa sá fún iná. Ẹ wò ó dáadáa: ojú dúdú ló ń sá. Èyí nìkan ti tó láti dá ẹjọ́ náà.

Títì náà kéré ju ohun táwọn èèyàn rò lọ. Ẹ gun Olúmọ, kí ẹ wo àwọn òrùlé páànù nísàlẹ̀. Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 m², tó jẹ́ páànù tuntun tó ń dán, ní ọ̀sán gangan tí oòrùn wà lókè orí: gbogbo títì ìmọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 70 mg lọ, bíi wóró ìrẹsì Ọ̀fàdà mẹ́ta. Ewé inú rédíòmítà kò tó èékánná àtàǹpàkò.

Kí ló wá ń yí i? Ẹni tó bá sá aṣọ ẹlẹ́lú àti aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, mọ èyí tó máa ń gbóná jù. Ojú dúdú ewé ń gbóná ju ojú dídán lọ, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ṣẹ́ kù nínú gúlóòbù, nǹkan bí ìdá kan nínú 100,000 ti afẹ́fẹ́ ìta. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dúró síbí, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ tó kan ojú gbígbóná ń ta kúrò pẹ̀lú agbára jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń ta kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú agbára tún ń lé òmíràn sẹ́yìn kó má dé ibẹ̀, nítorí náà ní àárín ewé, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Etí ewé ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń rọra wọ́ láti ojú tútù lọ sí ojú gbígbóná, ewé á sì sún sẹ́yìn. Osborne Reynolds, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, ló ṣàlàyé wíwọ́ yìí ní 1879. Bí wọ́n bá fa afẹ́fẹ́ yẹn tán pátápátá, ewé ò ní yí mọ́. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá sì yọ́ wọlé, kò ní yí náà, torí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ó ń dì í mú. Rédíòmítà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ gíláàsì rẹ̀ ló ń jò.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ dúró kó dákẹ́. Ẹ tan gúlóòbù àtijọ́ 60 W sí i láti 30 cm, kí ẹ sàmì sí apá ibi tó ń yí sí. Ẹ wá fi LED 9 W tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tìyẹn rọ́pò rẹ̀: yíyí náà á lọ sílẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ lójú wa ìmọ́lẹ̀ kò dín. Ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ wá gbé píọ́ wọ́tà tó ti dì lé e lórí. Á yí padà sẹ́yìn! Ojú dúdú tó ń tètè gba ooru náà ló ń tètè tú u sílẹ̀, òun ló wá tutù jù báyìí. Ẹ má gbé yìnyín lé e nígbà tó ṣì ń gbóná o, gíláàsì á sán.

Láti rí títì ìmọ́lẹ̀ gan-an, ẹ ní láti kọ́kọ́ pa ẹnu ooru mọ́. Lebedev, onímọ̀ físíìsì ní Moscow, ṣe é, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1901: ó fa afẹ́fẹ́ jáde débi tó lè dé, ó sì lo pẹlẹbẹ irin tó tínrín kí ojú méjèèjì lè gbóná dọ́gba.

Lóde òní, léésà àti dígí tó ń mì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ á máa ta lọ, ta bọ̀ láàárín dígí méjì, ọ̀kan nínú wọn wà lórí nǹkan tó ń mì bíi sípíríǹgì. Bí wọ́n bá yí iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ léésà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan wá sísàlẹ̀ díẹ̀ sí iye tó bá àárín dígí méjèèjì mu, títì rẹ̀ á máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìmì náà, á sì máa gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Mímì á dín kù, ìyẹn ni pé ó ń tutù. Bí wọ́n bá yí i sókè, mímì á máa pọ̀ sí i títí kò fi ṣeé dá dúró. Ní 2011, àwọn ará NIST, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba kan ní Amẹ́ríkà, fi máíkírówéfù, ìbátan ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí, tu ìlù alumíníọ̀mù kékeré kan lára, ìlù tó ń mì bíi ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní agbára ìmì kankan mọ́. Lọ́dún kan náà, àwọn ará Caltech, yunifásítì kan ní California, fi léésà ṣe irú rẹ̀ lórí igi sílíkọ́nì tíntínrín.

Níbẹ̀ náà, ooru ò sinmi. Sílíkọ́nì ń gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ léésà, ó ń gbóná, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fi léésà tó le sí i tù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí títì ìmọ́lẹ̀, ẹ bi í bó ṣe yára tó: ti ìmọ́lẹ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ooru máa ń pẹ́ kó tó dé.