Àfòpiná kì í ṣe òmùgọ̀

Ẹni tó bá tún fi àfòpiná ṣe àpẹẹrẹ òmùgọ̀ níwájú mi, a jọ máa jiyàn ni. "Àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa." Òwe náà dùn létí, àmọ́ kò ṣe ẹ̀tọ́. Àwa la tan iná, àwa náà la tún ń fi ẹni tí iná ṣì lọ́nà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ lọ síbi wáàsí òru èyíkéyìí ní Ìlọrin nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo òkè orí àáfà. Àfòpiná kì í sáré kọlu gílóòbù, ó ń pòòyì ni. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ kan láti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹgbẹ́ wọn láti Florida gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kámẹ́rà tó ń yàwòrán kíákíá ni wọ́n lò. Wọ́n rí i pé kòkòrò tó ń fò lóru máa ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ojú ọ̀run ló máa ń mọ́ ju ilẹ̀ lọ lóru. Kòkòrò tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ ti mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ nìyẹn. Àwa wá gbé gílóòbù kọ́, òkè rẹ̀ yí padà, ó ń kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń yí i po, kò sì rọ́nà lọ. Súrátù Al-Qári'ah nínú Kùránì tiẹ̀ fi àwa èèyàn wé àfòpiná tó fọ́n káàkiri lọ́jọ́ ìdájọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Ìdí gílóòbù nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, kanni gbígbẹ tí ẹ ń rà lọ́jà, tí ẹ ń dà sínú ọbẹ̀, ọmọ àfòpiná ni. Ìyá rẹ̀ á yé ẹyin sára igi òrí. Àwọn ọmọ á jẹ ewé igi náà nígbà òjò títí tí ẹ̀ka á fi ṣófo, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ilẹ̀ lọ sùn. Àwọn èèyàn á ṣà wọ́n, wọ́n á bọ̀ wọ́n, wọ́n á sá wọn sóòrùn. Èyí tó bá yè é á jáde pẹ̀lú ìyẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní jẹun mọ́ láéláé, torí ẹnu rẹ̀ kò ṣeé fi jẹ nǹkan kan. Ọ̀rá tó kó sára nígbà tó ń jẹ ewé ló ń ná. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló ní láti wá ẹnìkejì rẹ̀, kó yé ẹyin, kó sì kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fi gílóòbù dá dúró mọ́jú.

(Sányán gidi náà, bàbá aṣọ, ara ilé tí ọmọ àfòpiná mìíràn hun fún ara wọn ni wọ́n ti ń ran òwú rẹ̀.)

Mi ò ní gbogbo wọn ló dáa o. Èyí tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní fall armyworm, tí wọ́n rí ní Nàìjíríà lọ́dún 2016, àwọn àgbẹ̀ àgbàdo láti Òfà dé Òmù-Àrán mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbè é, ó lè fò ní òru kan ju Ìlọrin sí Òfà lọ. Òru ló ń yé ẹyin sára ewé, àárín ọ̀mùnú àgbàdo lọmọ rẹ̀ ń sá sí, ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n bá fín lọ́sàn-án gangan kì í fi bá a. Ọ̀tá ni, àmọ́ ẹ ò lè pè é ní òmùgọ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Iná sólà funfun tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ládàánì á fi pe ìrun àsùbáà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, kí la ń fi ṣe? Wọ́n á ní nítorí olè. Ẹ ra èyí tó ń tàn nígbà tí èèyàn bá kọjá níwájú rẹ̀, olè gan-an á sì tètè fò sókè. Bí ẹ ò bá rí i, gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú kì í kó kòkòrò jọ tó funfun. Mo ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù wa. Ó lóun á rò ó, ẹ sì mọ ohun tí lánlọ́ọ̀dù ń pè ní rírò.