Ta ni ó ń san owó ìwòsàn "ọ̀fẹ́" tí ìdílé ọmọ ogun ń gbà ní Texas?

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n kan sọ níbi ìsọmọlórúkọ ní Houston ṣì ń dùn mí títí di àsìkò yìí. A ń jíròrò lórí bí owó ìwòsàn ṣe wọ́n tó ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá yíjú sí àbúrò mi, ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun ní Fort Hood. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyàwó sójà, ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ọ̀fẹ́ kúkú ni tiyín." Àbúrò mi kò fèsì. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi tí mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni mo fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n náà lóhùn.

Òótọ́ ni pé ìdílé ọmọ ogun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í san owó ìforúkọsílẹ̀ fún Prime, ọ̀kan lára àwọn ètò TRICARE, adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà. Ìlànà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Dókítà kan pàtó ni wọ́n yàn fún ìdílé. Òun ni yóò kọ ìwé referral kí aláìsàn tó lè lọ rí dókítà àkànṣe, ilé iṣẹ́ tí ìjọba gbé adójútòfò náà fún yóò sì wá fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, tí ìyá kan sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ láìsí ìwé náà, ọ̀fẹ́ ti dópin: 300 dọ́là àkọ́kọ́ lórí ẹnì kan, tàbí 600 dọ́là lórí ìdílé, yóò ti àpò rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà yóò tún san ìdajì nínú iye tí adójútòfò fọwọ́ sí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2025 ni àdéhùn tuntun lórí TRICARE bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹkùn méjì ni wọ́n pín Amẹ́ríkà sí, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ó ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà kúrò ní ìlà-oòrùn, wọ́n fi wọ́n sí ìwọ̀-oòrùn: Arkansas, Illinois, Louisiana, Oklahoma, Wisconsin, àti Texas, yàtọ̀ sí agbègbè El Paso tí ó ti wà ní ìwọ̀-oòrùn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé iṣẹ́ tí ó ń mójú tó ìwọ̀-oòrùn náà tún yí padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ìdílé Killeen àti ti San Antonio kò kúrò nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jí lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n bá ara wọn ní ẹkùn mìíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn.

Àbúrò mi ní ọmọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ pẹ́. Amọṣẹ́ kan nítòsí ilé wọn ti ń kọ́ ọ, ọmọ náà sì ti ń tẹ̀ síwájú: ó ti lè béèrè omi, ó ti lè sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan dípò kí ó máa sunkún. Nígbà tí ọdún yí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ sọ pé àwọn kò rí ìfọwọ́sí rẹ̀ mọ́ nínú ètò tuntun, wọn kò sì mọ ẹni tí yóò san owó àwọn, nítorí náà kí ó dúró ná. Àbúrò mi pe ọ́fíìsì dókítà ọmọ náà, wọ́n ní àwọn ti fi ìwé ránṣẹ́. Ó pe adójútòfò, wọ́n ní àwọn kò rí ìwé kankan. Ó padà pe dókítà, wọ́n ní kí ó tún pe adójútòfò. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kòríà nígbà náà, iṣẹ́ alẹ́ sì ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Wákàtí tí ó yẹ kí ó fi sùn ni ó fi ń dúró lórí fóònù. Mo rí ìwé tí ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀, ọjọ́, aago, àti nọ́ńbà tí wọ́n fún un pé kí ó fi máa tọpa ọ̀rọ̀ náà. Láàárín àkókò náà, ọmọ náà padà sí ẹkún sísun àti fífa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú tún ń bí mi.

Ìṣòro náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí ó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀ pé kí àwọn tí ó wà nínú Prime ní ìwọ̀-oòrùn máa lọ rí dókítà àkànṣe láìdúró de ìfọwọ́sí adójútòfò. Àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń fi káàdì tàbí báǹkì san owó tiwọn, ní láti tún fi àlàyé ìsanwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun, nítorí pé èyí tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò bá wọn kọjá. Àwọn kan yóò sọ pé àyípadà ńlá kò lè ṣàì ní ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ti kéde àwọn tí ó gba àdéhùn yìí. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi múra sílẹ̀.

Ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an ni pé àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún 2008 sí 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI ṣí ọ̀nà iṣẹ́ ológun sílẹ̀ fún àwọn àlejò kan tí wọ́n gbọ́ èdè tí Amẹ́ríkà nílò, èdè Yorùbá sì wà lára wọn. Ìtọ́jú ìdílé jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi ń fa ènìyàn wọ iṣẹ́ yìí, kí ọkàn ẹni tí ó gbé ìbọn lè balẹ̀ nípa àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé. Ta ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ ní Kòríà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún sí i lórí fóònù nítorí ìwé referral?

Mo ti ń sọ fún àbúrò mi pé kí ó fi Prime sílẹ̀, kí ó bọ́ sí Select, ètò TRICARE mìíràn, níbi tí kò ti ní nílò referral fún ọ̀pọ̀ ìtọ́jú. Kò lè ṣe é lọ́jọ́ tí ó bá wù ú. Àfi ní àkókò ìyípadà tí ó máa ń wáyé láàárín oṣù Kọkànlá àti Kejìlá, tàbí bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé, bí ìbímọ tàbí kíkó lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, owó tí yóò máa san ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́ kò kéré fún ẹni tí kò lè sọ ìgbà tí ìkẹ́kọ̀ọ́ náà yóò parí. Select kò sì ní kí àwọn amọṣẹ́ tí ń gba TRICARE pọ̀ sí i ní àdúgbò wọn. Bí wọ́n bá sì gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Georgia tàbí North Carolina lọ́dún tí ń bọ̀, yóò padà sí ẹkùn ìlà-oòrùn, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, èyíkéyìí tí ó bá mú. Oṣù Kọkànlá kò jìnnà mọ́, àbúrò mi sì ń béèrè lọ́wọ́ mi. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un mọ́ lórí èyí tí yóò mú.