Búrẹ́dì Ọ̀bọ ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi tilẹ̀ kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé orí sítóòfù. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Houston, ìyá mi bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo sì dá wọn lóhùn pé ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo wà. Òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ ni ọ̀gá níbẹ̀?” Mo ní, “Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí mi ò bá sí níbẹ̀, búrẹ́dì kò ní jáde.” Òótọ́ náà nìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé páànù gbígbóná kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ẹ̀rọ ló ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ ló ń gé e, ẹ̀rọ ló ń yan án. Èmi ni ọwọ́ tí ẹ̀rọ kò ní. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó ti etí ìyá mi dé ìta gbangba ní Èbúté Mẹ́ta, mo ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì.

Ẹni tó bá mọ ìyá mi yóò mọ̀ pé wọn kì í béèrè ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, kànga ẹ̀rọ ni ohun kan ṣoṣo náà. Ní ọdún kejì, ó di òrùlé ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà ó di owó ìdánwò ọmọ àbúrò wọn, lẹ́yìn náà ó di sítóòfù ńlá onígáàsì tó ní ààrò nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó di léèsì tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rà tí kò sì yẹ kí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni kò ní rà. Bí mo bá ní kí n ka àwọn ohun kan ṣoṣo wọ̀nyẹn, wọn yóò ju iye òru tí mo fi sùn ní Amẹ́ríkà lọ. Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí mo délé ní oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n gbá mi mọ́ra, tí wọ́n kì mí títí omi fi bọ́ lójú mi, tí wọ́n sì wá rọra sọ sí mi létí pé, “Àkànní, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́.”

Búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́. Ní Kérésìmesì ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru gbé búrẹ́dì aládùn kan wá fún wa, ó rí róbótó róbótó bí òkìtì púọ́fù-púọ́fù tó lẹ̀ mọ́ra, ṣúgà tó yọ́ sì ń ṣàn lára rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí WhatsApp, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ wa.” Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ “iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọ̀rọ̀ títí dé ìparí? Ìyá mi ti fi fọ́tò náà han gbogbo àdúgbò, wọ́n sì ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ẹbí bá pé, ọmọ àwọn yóò yan án níṣojú wọn. Èmi tí mi ò yan ohunkóhun rí láyé mi bí kò ṣe àgbàdo! Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra mi lóru, mo sì fi gbogbo dátà mi wo fídíò YouTube mọ́kànlá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi ní kí n sọ orúkọ búrẹ́dì náà fún ẹbí. Mo pè é lédè òyìnbó, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní kíláàsì kẹrin ló túmọ̀ rẹ̀: “Màmá àgbà, búrẹ́dì ọ̀bọ ni wọ́n pè é.” Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ojú wọn sì yí padà. Wọ́n ní, “Àkànní, ṣé bí ebi ṣe ń pa yín tó níbẹ̀ nìyẹn, tí ẹ kò lè sọ fún wa?” Mo búra pé kò sí ẹran ọ̀bọ nínú rẹ̀. Mo ní àwọn kan sọ pé nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a jẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀bọ ṣe ń já èso, ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Pé àwọn ará Hungary ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Pé Nancy, ìyàwó Ààrẹ Reagan, a tilẹ̀ máa gbé e kalẹ̀ nígbà Kérésìmesì ní White House. Orúkọ Ààrẹ ló gbà mí sílẹ̀. Ìyá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ pé ìyàwó Ààrẹ ń jẹ ẹ́, a jẹ́ pé ọ̀bọ ọlọ́lá ni.”

Ife ìyẹ̀fun mẹ́ta ni fídíò náà wí. Ìyá mi bi mí bóyá ọmọ ìkókó ni a fẹ́ bọ́, wọ́n sì da kóńgò méjì sínú ọpọ́n. Mo da mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, mo fi ẹyin, ṣúgà àti bọ́tà sí i, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ronú iye yíìsì tó yẹ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti já gbogbo ọ̀rá rẹ̀ dà sínú rẹ̀, wọ́n ní ìwúkàrà kì í pọ̀ jù nílé ẹni tó ń ṣàlejò. Fídíò náà tún ní kí a wá ibi tó móoru nínú ilé, kí a gbé ìyẹ̀fun pípò náà síbẹ̀ fún wákàtí kan. Ní Èbúté Mẹ́ta, tí NEPA ti mú iná lọ láti àná, tí òógùn ń ṣàn lára ògiri pàápàá, ibo ni kò móoru? Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ohun náà fi gbé ọmọrí kúrò lórí ara rẹ̀, tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, tó sì doríkọ fèrèsé bí aláìnísùúrù tó fẹ́ mọ ẹni tó ń kọjá. Àwọn ọmọdé gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí ó fi tún jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe jókòó yí tábìlì ká, tí à ń ṣù ú ní kéékèèké, tí à ń tì í bọ inú bọ́tà yíyọ́, tí à ń yí i nínú ṣúgà àti sínámọ́nì. Ẹ̀gbọ́n mi wo iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní púọ́fù-púọ́fù ni èyí, pé bó bá jẹ́ pé a dín in ni, à bá ti jẹun tán. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rélùwéè nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kò ṣù ìkankan. Orí àga ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi búrẹ́dì yangàn fún àwọn ní Èbúté Mẹ́ta, nítorí pé níbí ni Amos Shackleford ti bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní 1921. Ọmọ Jàmáíkà ni. Iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé e dé Èkó ní 1913, kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ ìyẹ̀fun, síbẹ̀ òun ló mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wá, irú èyí tó jẹ́ kí búrẹ́dì Agége ki bó ṣe ki, wọ́n sì ń pè é ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà. Bàbá Rélùwéè bọ́ dígí ojú wọn. “Àjèjì wá sí ìlú wa, ó di ọba búrẹ́dì. Ìwọ náà lọ sí ìlú àjèjì. Kí ni o dà?”

Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mo di ìránṣẹ́ ọba.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló sì pariwo jù. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbójú sókè kúrò lára èyí tí wọ́n ń ṣù lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń sin òkú.”

Oṣù Kẹjọ ni a sin bàbá mi, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Èkó, tí í ṣe aago mẹ́rin òru ní Houston. Pépà mi kò tíì jáde. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí a ń kó aṣọ iṣẹ́ sí, mo ń wo fídíò lórí fóònù, ó sì dì gbagidi níbi tí wọ́n ti gbé pósí sókè, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ọ̀gá mi fi pè mí pé páànù ti ń kóra jọ. Owó pósí, owó màlúù, owó ìlù, èmi ni mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo sunkún. Wọ́n bi mí bóyá owó kánópì ti wọlé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì tí mò ń wí yìí, ó ti pé ọjọ́ kẹsàn-án tí mo délé, kò sì tíì sí ẹni tó mú mi dé ibi tí bàbá mi wà. Èmi náà ò sì béèrè, nítorí pé mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń béèrè ọ̀nà ibojì bàbá ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a padà sídìí búrẹ́dì, ó tún ti ń wú.

A kò ní páànù tó ní ihò láàárín. Ìyá mi fi agolo mílíìkì tí wọ́n rọ yanrìn kún sí àárín ìkòkò ńlá, a sì to àwọn ìṣù náà yí i ká. Nígbà tí a ṣí ààrò sítóòfù náà, ohun kan ṣoṣo tí mo rà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọrí ìkòkò mẹ́rìnlá ló jáde níbẹ̀, pẹ̀lú ike áìsìkiriìmù tí ẹ̀gúsí wà nínú rẹ̀, abọ́ tí wọ́n pín níbi ìnáwó oríṣiríṣi, àti bàtà ẹsẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé òun ló ni ín. A fi iná sí i, àwọn aáyán sì jáde tìdílé tìdílé. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn náà, gáàsì tán. Ọjọ́ Kérésìmesì sì ni. Ta ni yóò ta gáàsì?

Ìyá mi ní kí n gbé e lọ sí ilé Bàbá Oníbúrẹ́dì, òpópónà méjì sí wa, ẹni tó ń fi igi yan búrẹ́dì nínú ààrò oníbíríkì. Mo fi òṣùká sórí, mo gbé ìkòkò náà rù, àwọn ọmọdé tò tẹ̀lé mi, wọ́n ń kọrin ọ̀bọ. Oòrùn mú ohun náà tún wú, ọmọrí wá ń kan ìkòkò lórí mi, kó, kó, kó, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹnìkan bi wá bóyá Ẹ̀yọ̀ tuntun ló ti Ìsàlẹ̀ Èkó sọdá afárá wá. Àwọn ọlọ́kadà bọ́ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ìyá arúgbó kan nawọ́ sí ìkòkò náà, ó tọrọ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ní àwọn tó tẹ̀lé wa tó ẹgbẹ̀rún, irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọn ò tó ẹgbẹ̀ta, kò sí níbẹ̀.

Bàbá Oníbúrẹ́dì ṣí ọmọrí, wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wò. “Níbo lo ti kọ́ṣẹ́?” Mo ní Amẹ́ríkà ni. Wọn ò fèsì. Wọ́n tì í bọ inú ààrò, àfi bí mo ṣe rí i pé apá mi ni wọ́n ń wò, níbi tí àpá iná tò sí bí ilà, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n ká apá aṣọ tiwọn náà sókè díẹ̀. Ilà kan náà ni. Wọ́n ní, “Páànù ni ò ń gbé.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n ní, “Mi ò ní sọ fún wọn.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba owó igi lọ́wọ́ mi, dọ́là ni wọ́n sì fi ṣírò rẹ̀.

A fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ṣúgà rẹ̀ lè dì díẹ̀, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù, yóò lẹ̀ mọ́ ìkòkò pátápátá. Mo dojú ìkòkò dé sórí àwo ńlá níwájú gbogbo ẹbí. Apá kan jáde, apá kejì kọ̀, agolo mílíìkì sì já wálẹ̀, ó da yanrìn sórí èyí tó dára jù. Ẹnikẹ́ni kò dúró gbọ́ àlàyé. Ọwọ́ bo àwo náà láti ibi gbogbo, wọ́n ń já a, wọ́n ń jà lé e lórí, Bàbá Rélùwéè sì ni mo kà tó já mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú yanrìn. Ìyá mi jẹ ẹyọ kan, wọ́n rò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n ó ku ẹ̀wà àgọ̀yìn, wọ́n sì rán ọmọ lọ rà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo rí wọn ní kíṣíìnì, wọ́n ń di mẹ́rin nínú èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò sínú nylon. Wọ́n ní, “Àkànní, ohun kan ṣoṣo.” Mo ti ń kọwọ́ bọ àpò. Wọ́n ní, “Jí ní kùtùkùtù ọ̀la. Àtàn la ń lọ, ní Yábàá. Bàbá rẹ fẹ́ràn ohun tó bá jóná díẹ̀.” Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n so nylon náà ní ìdè méjì. “Kí o sì mú náírà dání. Ọlọ́kadà kì í ná dọ́là.”