Ta Ni Kí Ó Fọ Abọ́?

(Ní Peckham, ní London. Bàbá Àgbà, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Ìbàdàn. Ó ń ka ìwé Famous Five, ìtàn Gẹ̀ẹ́sì nípa ọmọdé mẹ́rin àti ajá wọn, pẹ̀lú Tèmi, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ tíṣà àtijọ́ mọ̀ pé kíkà náà yóò pẹ́. Ìyá Tèmi ń ká aṣọ.)

BÀBÁ ÀGBÀ: Láti 1942 tí Enid Blyton ti gbé àkọ́kọ́ jáde, títí tí wọ́n fi pé 21 ní 1963, ẹ̀kọ́ ilé ló kún inú ìwé wọ̀nyí. Ẹ wo Anne, bí ó ṣe ń fọ abọ́ tí ó sì ń tọ́jú ibùsùn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ ọn.

TÈMI: Bàbá Àgbà, ṣé Julian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ọwọ́ ni, sà?

BÀBÁ ÀGBÀ: Ó ní ọwọ́. Ó fi ń di máàpù mú.

ÌYÁ TÈMI: Dádì, èyí tí ó ń ba èmi lẹ́rù ni pé àwọn òbí wọn lọ gbádùn ara wọn ní Scotland, wọ́n sì kó ọmọ fún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Bí mo bá dán an wò lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí ń rí sí ààbò ọmọdé yóò ti dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́.

BÀBÁ ÀGBÀ: Mọ̀lẹ́bí wọn mà ni! Ṣé ìwọ kò lo ọlidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́ ni?

ÌYÁ TÈMI: Mo lò ó, sà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń ṣọ́ mi, títí kan ìyá ẹlẹ́kọ. Àwọn tiwọn, ajá ló ń ṣọ́ wọn. Ní 2010, àwọn tí ń tẹ ìwé náà tún èdè rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ “mother” di “mum”, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kò gbà á. Nígbà tí ó di 2016, wọ́n ní àwọn yóò dá ti àtijọ́ padà.

TÈMI: Ẹni tí ń fọ abọ́ gan-an ni ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Bàbá Àgbà, ẹ ka ti 1944 yìí, níbi tí Julian ti ń bá Mrs. Stick tí ń dáná fún wọn fa ọ̀rọ̀. Ó dùn gan-an!

BÀBÁ ÀGBÀ: (Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.) Ọmọ yìí ń dá àgbàlagbà lóhùn!

TÈMI: Obìnrin náà wà lára àwọn tí ó jí ọmọ gbé, sà.

BÀBÁ ÀGBÀ: Kí ọlọ́pàá mú un, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ṣé “ẹ kú iṣẹ́ mà” máa pa Julian ni, kí wọ́n tó mú obìnrin náà?