Ariwo módẹ́ẹ̀mù kọ́ ni ìró íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé

Láti ìgbà tí AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti pa dial-up tirẹ̀ tì, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń fi wáyà tẹlifóònù pè wọlé, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìrántí ayé àtijọ́ ti pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni pé mo tún rí ẹnì kan tó ń sọ fún àwọn ọmọ tí kò bá dial-up láyé pé ariwo kíí-kọ̀ọ́-ṣìì tí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, máa ń pa ni ìró dátà tó ń gba inú wáyà kọjá, àti pé béèyàn bá pa ariwo yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé. Wọ́n sì ń kan sáárá sí i! Irọ́ gbuu ni, ó sì ti sú mi í gbọ́.

Ẹni tó bá lò ó rí, kó rántí dáadáa: ìgbà wo lariwo yẹn máa ń dákẹ́? Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tán gan-an ni. Kọ̀ǹpútà á ní òun ti wọlé, gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́, ìgbà yẹn ni lẹ́tà àti àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀. Àwòrán á máa yọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀, o ò ní gbọ́ pínkín. Tó bá jẹ́ ìró dátà ni, ìgbà tí dátà ń bọ̀ ló yẹ kó máa dún.

Èmi fúnra mi pa á. Òru ni mo máa ń wọlé, ariwo yẹn a sì máa jí àwọn ará ilé. Mo lọ síbi ètò módẹ́ẹ̀mù nínú Windows, mo tẹ ATM0, àṣẹ tó ń pa sípíkà inú módẹ́ẹ̀mù, síbi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó bùṣe. Módẹ́ẹ̀mù ń pè, ó ń wọlé, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu, ìyára rẹ̀ ò sì dín. Ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ lè fa ohùn sípíkà wálẹ̀ pátápátá nínú Windows kan náà. Ta ló máa fún èèyàn láyè láti pa ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i?

Àwọn tó gba irọ́ yẹn gbọ́ ní àwọn fetí ara àwọn gbọ́ ariwo náà. Ta ni ò gbọ́ ọ?

Ohun tí à ń gbọ́ ni módẹ́ẹ̀mù méjì tó ń ṣàdéhùn. Tiwa á tẹ nọ́ńbà, ti ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì á gbé e, á fi ohùn gbọọrọ kan dáhùn ní 2100 Hz. Ohùn yẹn ló ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ tẹlifóònù tó ń pa ohùn tó ń ta padà pé kí wọ́n yẹra lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ láìnì wò, pàápàá láti ìgbà tí ìlànà módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń pè ní V.34 ti dé lọ́dún 1994, kí wọ́n mọ irú ìró tó lè gbà á kọjá dáadáa. Láìnì tó bá ń há, wọ́n á fẹnu kò sí ìyára tó kéré. Wọ́n ṣe tán, sípíkà kú.

Kí wá ni sípíkà ń ṣe níbẹ̀? Kí ìwọ tó ń pè lè gbọ́ ohun tó ń lọ lórí láìnì ni. Nígbà tí AOL fi owó wákàtí sílẹ̀ bọ́ sí owó oṣù kan ṣoṣo ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, àwọn oníbàárà ya bò ó débi pé gbogbo láìnì dí. Sípíkà lẹni tó ń pè fi ń gbọ́ ìró tó ń sọ pé láìnì ti dí, kó tó máa retí lásán. Tó o bá sì ṣi nọ́ńbà tẹ̀, ibẹ̀ náà lo ti máa gbọ́ ohùn èèyàn. Mo ti gbọ́ ìyá àgbà kan rí tó ń pariwo "Ta nìyẹn?" léraléra, tí módẹ́ẹ̀mù mi sì ń han mọ́ ọn.

Ó dáa, ẹni tó bá tẹ ATM2 á gbọ́ dátà lóòótọ́, torí àṣẹ yẹn ò jẹ́ kí sípíkà kú rárá. Ṣùgbọ́n ṣìììì kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni yóò máa gbọ́ títí, kì í ṣe kíí-kọ̀ọ́ tí gbogbo ayé ń sín jẹ.