Iyọ̀ àti fínígà kò lè so aró mọ́ àdìrẹ

Bí ọdún Lísàbí bá kú sí dẹ̀dẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọjà Ìtòkú kì í gba ẹsẹ̀. Àdìrẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ fi jó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ọdún ò ní tíì mọ́ dáadáa tí ẹjọ́ á ti bẹ̀rẹ̀: ọrùn ti di búlúù, aró ti ràn mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n wọ̀ sábẹ́, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀ lé e ò ju ẹyọ kan lọ: rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi iyọ̀ àti fínígà, kò ní yọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyọ aró kọ́ ni àmì ayédèrú, iyọ̀ àti fínígà kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú aró.

Inú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gún ewé èlú tútù lódó, wọ́n á sù ú roboto, wọ́n á sá a kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́, á wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí tí á fi kan. Aró fúnra rẹ̀ kì í yòrò nínú omi. Omi eérú àti kíkan yẹn ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò, tó sì lè wọ inú òwú. Ẹ wo aṣọ nígbà tí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde: kì í ṣe búlúù, ó dà bí ewé tó ń pọ́n lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ kàn, bí etí aṣọ àti orí ìkájọ rẹ̀, ni á kọ́kọ́ ṣú. Kí ẹ tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di aró. Afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ padà di ohun tí kì í yòrò, ó sì há sáàárín fọ́nrán òwú.

Ó há ni o, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó há sínú lọ́hùn-ún á pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bà lé ojú òwú bí eruku ni òógùn àti ìfarakanra ń kó lọ sára yín. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ fi máa ń kun èèyàn jù lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí oòrùn ń mú, tí èèyàn ń jó, tí aṣọ tutù mọ́ ara.

Iyọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń ti àwọn àwọ̀ tó ń yòrò nínú omi wọ inú òwú, àmọ́ nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú omi àwọ̀ ni. Fínígà wúlò fún àwọn àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa sílíìkì àti irun àgùntàn. Aró kò sí nínú àwọn méjèèjì. Ibì kan ṣoṣo tí fínígà ti wúlò nídìí àdìrẹ ni ọwọ́ aláró: bí ó bá lo kọ́sítíìkì, ìyẹn kẹ́míkà líle tó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú, fínígà díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn máa ń pa oró rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Wọ́n rẹ aṣọ mọ́jú, wọ́n sì ṣàn án dáadáa, èyí tó bà lé ojú òwú sì bá omi lọ. Omi lásán ló ṣiṣẹ́, iyọ̀ ló gba ìyìn.

Bí àdìrẹ bá ń yọ jù, ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́. Aláró tó mọ iṣẹ́ máa ń tì í bọ aró lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí dé ìgbà tó bá dúdú tó, á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa láàárín ìgbà kan sí èkejì. Ẹni tó ń sáré bá ọjọ́ ọdún máa ń po aró tó ki, á tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì fi í sílẹ̀ kí ó pẹ́. Àwọ̀ yẹn dúdú lójú, orí òwú ló wà. Èyí tí wọ́n fi àwọ̀ ọjà ṣe náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń po ṣíbí àwọ̀ kan mọ́ ṣíbí kọ́sítíìkì kan àti ṣíbí hydros méjì, ìyẹn ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń ṣe iṣẹ́ tí kíkan ń ṣe nínú ìkòkò. Bí hydros bá kéré, tàbí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá tí wọn ò dì dáadáa, àwọ̀ á ti dì nínú omi kí ó tó wọ inú aṣọ.

Ayédèrú gan-an, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, sábà máa ń yọ kéré ju àdìrẹ lọ. Nítorí náà ẹni tó ń fi aṣọ ìnujú funfun nu aṣọ lọ́jà wò bóyá ó ń yọ kí ó tó sanwó lè kọ ojúlówó, kó sì gbé ayédèrú lọ sílé. Ojú ni kí ẹ lò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyàtọ̀, àní àṣìṣe inú rẹ̀ náà á padà wá ní ibi kan náà. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ máa ń ní ojú ihò abẹ́rẹ́. Oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, máa ń hàn ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹlẹ́kọ o: ojú kan ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí láti dí aró, aró á sì mu ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ má ní iṣẹ́ tó hàn kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ní ilé, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀. Omi tútù, ọṣẹ olómi díẹ̀, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ pààrọ̀ omi. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Aró ló ń jẹ. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sá a sábẹ́ òjìji. Kí omi àkọ́kọ́ àti ìkejì dúdú kò burú, ó yẹ kó máa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí omi kẹfà bá ṣì dúdú bí àkọ́kọ́, ẹ gbé aṣọ náà padà fún aláró, iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tíì parí.