Hilux bàbá mi: ẹ́ńjìnnì ni kí n kọ́kọ́ ṣe, àbí búrèèkì?

Ọmọ Ìyàrá: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Hilux 1992 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ́ńjìnnì 22R ni, ti pẹtiróòlù, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ ọ́ìlì. Mo fẹ́ kó máa fa tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí n fi máa kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sí Kàbà. Wọ́n ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí n ra ẹ́ńjìnnì dísù tòkunbọ̀.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀: Ó parí! Dísù ló lágbára.

Ọ̀gá Gáréèjì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Lítà 2.4 ni 22R, séènì irin ló ń yí fáàfù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà. Ọ́ìlì tó ń jẹ, ríìǹgì písítìnnì tàbí síìlì fáàfù inú rẹ̀ ló ti jẹ. Ọmọ Ìyàrá, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ fi òòlù kékeré gbá ṣásí, irin gígùn tó gbé ọkọ̀ dúró, níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Tó bá dún gbì, tí ìpẹtà ń já bọ́ bí èèpo igi, wẹ́dà lẹ ń wá.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀: Ṣásí kẹ̀? Kó jó hóòkù tí yóò fi fa tírélà mọ́ bọ́ńpà, kó máa lọ. Gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Gáréèjì: Lójú ọ̀nà Ọ̀bájànà, tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń bọ̀ lẹ́yìn? Ṣásí ni kó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́.

Ìyá Onígàrí: Báwo ni yóò ṣe dúró ni tèmi. Dúrọ́ọ̀mù ni búrèèkì ẹ̀yìn Hilux àtijọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, á gbóná, á ní òun ò gbọ́. Omi búrèèkì tó ti pẹ́ níbẹ̀ á hó ni. Ọmọ mi, pààrọ̀ ẹ̀ pátá, kí o sì wọ gíà kékeré kí o tó máa sọ̀kalẹ̀.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀: Ìyá, ẹ ti di mẹkáníìkì 😄

Ìyá Onígàrí: Ẹ̀gẹ́ mi ló dà sí kòtò, mi ò ní gbọ́n kẹ̀?

Àbúrò Mọ̀pà: Ẹrù ńkọ́? Bí tírélà bá jẹ́ kílò 1,000, nǹkan bíi 100 sí 150 ló yẹ kó tẹ orí hóòkù. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, yóò máa ju ọkọ̀ káàkiri. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà náà: 2314 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Irú ìyẹn, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀: Mo gbà ti búrèèkì. Àmọ́ dísù ò jẹ epo tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Gáréèjì: Òótọ́ ni. Owó ẹ́ńjìnnì, gíà àti wáyà tuntun wá ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ ọdún mélòó ni yóò san án?

Ọmọ Ìyàrá: Mo ti wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Apá òsì dún kàn. Apá ọ̀tún, òòlù wọlé.

Ọ̀gá Gáréèjì: Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá. Ẹ má tíì pe wẹ́dà kankan.